Ìtì Igi Lẹ́nu Ọ̀nà Concezio

Eruku ni Ersilia kọ́kọ́ rí. Ó ń bọ̀ lórí ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ tó gba ẹ̀yìn òkè wá, ó funfun bí ìyẹ̀fun, kò sì sí ariwo ẹ́ńjìnnì kankan lábẹ́ rẹ̀. Àfi bí ọkùnrin kan ṣe yọ nínú eruku náà lórí kẹ̀kẹ́, ó gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, ó tẹ orí síwájú, ó ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ersilia dìde lórí àpáta tó jókòó sí. Àgùntàn tó lé ní igba ló ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn, ajá funfun mẹ́ta ló sì ń ṣọ́ wọn, irú ajá tí ìkookò pàápàá máa ń yà fún.

"Èyí ti gbé," ó wí fún ara rẹ̀.

Àwọn ajá ti gbéra. Oríṣiríṣi ni ojú Ersilia ti rí níbẹ̀. Àwọn ẹlòmíì á sáré, ajá á sì lé wọn dé etí odò. Àwọn ẹlòmíì á fẹsẹ̀ ta ajá, ọ̀rọ̀ á wá di ti dókítà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí fa bíréèkì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ sáàárín òun àti àwọn ajá, ó sì ṣí akoto lórí.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi," ó wí fún àwọn ajá. "Ẹ kú iṣẹ́. Mi ò wá jí nǹkan kan. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi bó ṣe ń gbọ̀n, ṣé ẹsẹ̀ olè nìyí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ersilia kó tó mọ̀. Ajá tó dàgbà jù nínú wọn gbóòórùn táyà iwájú, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, ó sì tọ̀ sí i dáadáa.

"Ó ti gbà yín lálejò nìyẹn," Ersilia ké sí i láti orí àpáta.

"Ṣé bó ṣe máa ń gba àlejò nìyẹn?"

"Àwọn tó bá wù ú nìkan. Àwọn yòókù, ó máa ń gé wọn jẹ ni."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ sì yọ láàárín eruku tó bo ojú rẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Ersilia ń retí pé yóò béèrè omi, tàbí kó ní òun fẹ́ ya àgùntàn ní fọ́tò, nítorí ohun tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń ṣe nìyẹn. Kò béèrè èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó kàn dẹ etí.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí agogo ọrùn wọn kò dún bákan náà?"

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ersilia ti ń gbọ́ agogo yẹn, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè rí. Ó ní láti ronú kó tó lè dáhùn. Ó ní agogo ńlá wà lọ́rùn àwọn tó ń ṣáájú, kékeré wà lọ́rùn àwọn tó máa ń ṣáko, tí kùrukùru bá sì bolẹ̀, etí lòun fi ń mọ ibi tí gbogbo wọn wà.

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ó wá béèrè.

"Kò sí. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Panfilo lorúkọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àfonífojì ló ti wá, ní Fontelunga, níbi tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó dágbére fún Ersilia, ó dágbére fún àwọn ajá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni Ersilia fi ń ro irú àgbàlagbà ọkùnrin tó máa gun òkè nínú oòrùn oṣù kẹjọ, tí yóò wá dúró máa gbọ́ agogo àgùntàn nítorí pé ó kàn fẹ́ mọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Panfilo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ kejì, eruku tún yọ. Ó yọ ní Ọjọ́bọ̀ kẹta. Ìgbà yẹn ni Ersilia dá òfin kan sílẹ̀: ìbéèrè kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, òtítọ́ sì ni èèyàn gbọ́dọ̀ fi dáhùn.

"Ó dáa," Panfilo wí. "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ béèrè." Ibẹ̀ ni "ẹ" ti kúrò láàárín wọn, kò sì sí èyí tó bèèrè pé kó padà wá.

"Kí ló dé tí táyà tìẹ fi sanra ju ti àwọn tó ń gba ojú títì ọlọ́dà?"

"Òkúta wẹ́wẹ́ kì í fẹ́ agídí. Bí táyà bá le koko, òkúta á jù ọ́ sígbó. O máa dín atẹ́gùn inú rẹ̀ kù díẹ̀, kó lè máa gba fún òkúta, kí òkúta náà lè máa gbà fún un."

"Ṣé kẹ̀kẹ́ lò ń sọ ni, àbí ìyàwó?"

"Ìbéèrè kejì nìyẹn o. Di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe lo oṣù kẹsàn-án. Panfilo á gbé ọ̀pọ̀tọ́ wá nínú àpò ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán kó tó débẹ̀. Ersilia á gé búrẹ́dì àti wàràkàṣì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó bi Panfilo bóyá ẹ̀rù máa ń bà á tó bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, Panfilo sì ní ó máa ń ba òun gan-an, pé ìdí nìyẹn tóun fi ń kọrin. Panfilo bi í báwo ló ṣe ń dá àgùntàn mọ̀ lára ara wọn. "Báwo lo ṣe ń dá àwọn ará Fontelunga mọ̀?" ló fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, Ersilia ní kó fún òun ní kẹ̀kẹ́ yẹn. Ó fi yẹ̀rì sáàárín itan, ó gùn ún, ó sì fi í sáré sọ̀ kalẹ̀ láti ibi àpáta dé ibi kànga, ó ń kígbe, eruku ń bo àwọn ajá tó ń sá tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, omijé wà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ilẹ̀ tóun ń fẹsẹ̀ rìn láti kékeré ní irú nǹkan báyìí nínú.

"Padà gùn ún wá sókè wàyí," Panfilo wí.

"Ìwọ lo mú un wá, ìwọ ni kó o tì í."

Inú kì í dùn ká pa á mọ́ra. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Màmá Nunziata tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn ti ṣàkíyèsí pé Ersilia ń fọ irun lọ́jọ́ Ọjọ́rú, nígbà tó jẹ́ pé Sátidé ni gbogbo èèyàn Pietrafosca, abúlé wọn, ń fọ tiwọn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Ersilia lọ́kàn, bàbá rẹ̀ ni. Concezio ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì fẹ́ gbọ́ kẹ̀kẹ́ sétí. Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣe ìdíje wọn, tí àádọ́rùn-ún èèyàn ya gba àárín àwọn abo àgùntàn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bí. Àwọn àgùntàn fọ́n ká, wọ́n sá lu ògiri òkúta, méjì nínú wọn sì bí òkú ọmọ lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ ara Concezio ló fi sin àwọn ọmọ náà.

"Ẹni tó ya ọ̀nà yẹn fún wọn," ó máa ń wí, "tí mo bá mọ̀ ọ́n, n ó ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ."

Ersilia mọ ẹni tó yà á. Panfilo fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un láàárín oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú ìyangàn, pé òun lòun ń ya ọ̀nà ìdíje fún ẹgbẹ́ àwọn, Sunday kẹta nínú oṣù kẹwàá sì ni ti ọdún yìí. Ersilia gbé e mì. Ó ń bẹ̀rù pé bóun bá sọ ọ́, Ọjọ́bọ̀ á tán.

Ìjì jà lọ́sẹ̀ tí oṣù kẹwàá bẹ̀rẹ̀. Ó wó igi ńlá kan dí ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ náà. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Ajé, Màmá Nunziata ṣí fèrèsé láti da omi nù, omi náà kò sì jáde nínú abọ́.

"Ersilia! Concezio! Ẹ jáde o! Ẹ wá wo ẹnu ọ̀nà yín!"

Ìtì igi kan ló fara ti ilẹ̀kùn. Ó gùn tó apá, ó nípọn ju àyà ọkùnrin lọ, ojú ibi tí wọ́n ti fi ayùn gé e ṣì tutù. Nínú ẹrẹ̀ iwájú ilé, ipa táyà tó sanra wá láti òpópó, ó sì padà síbẹ̀.

Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí ẹnikẹ́ni ti gbé ìtì igi sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì kẹ́yìn ní Pietrafosca. Concezio jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo ìtì igi, ó wo ipa táyà, ó wo ọmọ rẹ̀. Gbogbo fèrèsé òpópó ti ṣí. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì, ó ré ìtì náà kọjá, ó sì lọ sọ́dọ̀ àgùntàn.

Nírọ̀lẹ́, ó ré e kọjá wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún ré e kọjá. Kò gbé e wọlé, kò sì yí i dànù. Màmá Nunziata ní òun kò rí irú rẹ̀ rí láyé òun.

"Ṣé bàbá rẹ ń ṣàìsàn ni?"

"Rárá, Mà."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ ọkùnrin náà?"

Ersilia gbé korobá rẹ̀ lọ síbi àgùntàn, ṣùgbọ́n nígbà tó ń fún wàrà lọ́jọ́ yẹn, ó sọ òtítọ́ fún ara rẹ̀. Ó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ kí ìtì yẹn wọlé ju bó ṣe fẹ́ ohunkóhun rí lọ, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń sọ irú rẹ̀ fún bàbá tó ń ré e kọjá láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọjọ́bọ̀ dé. Panfilo dé pẹ̀lú ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀, ó ń kọrin, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Ìbéèrè tèmi ló ṣáájú," Ersilia wí. "Ìtì igi ẹnu ọ̀nà wa, ṣé ìwọ lo gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni. Mo gé igi tó dí ọ̀nà, mo ní kí n mú èyí tó dára jù nínú rẹ̀ wá fún bàbá rẹ, kó fi dáná nígbà yìnyín. Mo so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, mo tì í wá. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìkó-igi yín, ni mo bá gbé e ti ẹnu ọ̀nà. Ṣé kò gbẹ dáadáa ni?"

"Igi ìdáná," Ersilia wí.

"Igi ìdáná. Kí ló dé? Kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi ń wò mí láti fèrèsé?"

"Nítorí pé ní Pietrafosca, ọkùnrin kì í gbé ìtì igi sẹ́nu ọ̀nà ilé tí ọmọbìnrin wà, àyàfi tó bá fẹ́ fi í ṣaya. Bí bàbá ọmọ bá gbé e wọlé, ó ti gbà. Bí kò bá gbà, á fẹsẹ̀ yí i sójú òpópó, gbogbo ìlú á sì máa wò ó bó ṣe ń yí lọ sísàlẹ̀."

Ojú Panfilo pọ́n dé etí. Ní Fontelunga, gáàsì ni wọ́n fi ń mú ilé gbóná, ta ni yóò rántí irú àṣà bẹ́ẹ̀?

"Kí wá ni bàbá rẹ ṣe?"

"Ó ń ré e kọjá."

Panfilo wá béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè. "Ṣé kí n lọ gbé e kúrò ni?"

Ó dun Ersilia wọra. "Gbé e kúrò! Gbé e lọ sí Fontelunga, kó o fi se ọbẹ̀! Kó o sì gbé ìdíje rẹ náà kúrò. Ṣé o mọ ohun tí àwọn èèyàn rẹ ṣe lésìí?" Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ògiri òkúta, òkú ọmọ àgùntàn méjì, bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì nínú òjò.

"Èmi ni mo wà níwájú lọ́jọ́ yẹn," Panfilo wí jẹ́jẹ́. "Mi ò wẹ̀yìn. O ò sì sọ fún mi rí."

"O ò bi mí rí! Gbogbo nǹkan lò ń bèèrè. O béèrè agogo, o béèrè orísun omi. O ò béèrè ìdí tí bàbá mi fi ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá rí ọ."

Panfilo gbé akoto sórí, ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ. Ọ̀pọ̀tọ́ tó mú wá wà lórí àpáta, ewúrẹ́ ẹlòmíì ló wá jẹ ẹ́.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ersilia ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kò pè é. Ìgbéraga kọ́kọ́ dì í mú, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e dé, kò sí eruku kankan lórí òkè. Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yí, ó ń sọ fún àwọn ajá pé òun kò retí ẹnikẹ́ni. Nílé, ìtì igi ṣì wà níbi tó wà, Concezio ṣì ń ré e kọjá.

Lọ́jọ́ Sunday ìdíje, Concezio ti dúró lẹ́nu pápá láti àárọ̀ kùtù, ọ̀pá lọ́wọ́, àwọn abo àgùntàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ersilia dúró tì í. Aago mẹ́wàá lù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kò dé. Aago mọ́kànlá lù. Lójijì ni ajá àgbà gbórí sókè, ó kọjú sí apá kejì odò.

Níbẹ̀, lórí òkè tí ẹnikẹ́ni kì í gbà mọ́, eruku ń dìde. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀nà ìwakùsà àtijọ́ tí ẹ̀gún ti bò láti ìgbà tí Ersilia wà lọ́mọdé. Ọ̀nà náà ga ju tibí lọ, àwọn mìíràn sì ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn.

"Ẹ̀gún ibẹ̀ ju ènìyàn lọ," Concezio wí. "Ta ló ṣán an?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"O mọ̀."

Kò tún sọ nǹkan kan mọ́. Ó ń wo eruku náà títí tó fi lọ tán, ó sì da àgùntàn lọ síbi omi.

Ọ̀sán ni Panfilo dé sí Pietrafosca. Ó fẹsẹ̀ rìn gba òpópó, ó ń ti kẹ̀kẹ́, gbogbo fèrèsé sì ń ṣí bó ṣe ń kọjá. Concezio jáde sẹ́nu ọ̀nà, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ersilia dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Èmi ni mo ya ọ̀nà lésìí."

"Mo ti mọ̀," Concezio wí.

"Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí mi ò béèrè. Ẹ má bínú. Wọn ò ní gba pápá yín kọjá mọ́ láé." Ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni fẹ́ bẹ̀bẹ̀, Ersilia sì rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ó ti bó, ẹ̀gún ti ya á káàkiri. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ṣán òkè yẹn pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin.

Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó gbá ìtì igi náà mú, ó gbé e sí èjìká, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Yéè!" Màmá Nunziata kígbe láti fèrèsé. "Ó ń gbé e lọ o! Concezio, ó ń gbé e lọ!"

Panfilo gbé e dé ìkòríta òpópó, ó dúró níbẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì yí padà. Ó gun òpópó bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ le, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó sì gbé ìtì náà kalẹ̀ síbi tó ti gbé e gan-an.

"Ti àkọ́kọ́, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe," ó wí. "Mo ti mọ̀ báyìí."

Concezio nu ẹnu, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé kí n gbé e, àbí kí n yí i?"

"Ẹ̀yin ló kù sí lọ́wọ́, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ ti ń ré e kọjá."

"Bàbá ìyá rẹ yí tèmi dànù lẹ́ẹ̀mejì," Concezio wí. "Mò ń sáré tẹ̀ lé e sísàlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ìgbà kẹta ni ìyá rẹ wá sọ fún un pé kó gbé e wọlé. Mo búra lọ́jọ́ yẹn pé bí wọ́n bá gbé ìtì wá sílé mi, n kò ní fọwọ́ kàn án títí ọmọ mi fi máa sọ̀rọ̀. O ò sọ̀rọ̀. Mò ń retí, mò ń ré e kọjá, orúnkún mi ti ń dùn mí."

"Mo rò pé ẹ kò fẹ́ ẹ ni!"

"Ta ló bi mí? Ìwọ tó o ní ìbéèrè fún gbogbo oníkẹ̀kẹ́!"

Ẹkún àti ẹ̀rín gba Ersilia lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wo ọkùnrin tó dúró nínú òpópó pẹ̀lú èèpo igi lára aṣọ, ó sì sọ ọ́ sókè, kí Màmá Nunziata lè gbọ́ láìsí wàhálà.

"Ẹ gbé e wọlé, Bàbá. Mo fẹ́ ẹ."

Concezio fi ọ̀pá ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dìde padà. "Ó wúwo ju tèmi lọ. Gbá etí kejì mú."

Panfilo gbésẹ̀ kan láti ràn wọ́n lọ́wọ́. "Dúró síbẹ̀!" ni Màmá Nunziata wí, "kì í ṣe iṣẹ́ rẹ nìyẹn!" Ó dúró. Bàbá àti ọmọ gbé ìtì náà láàárín ara wọn, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá iná. Ìró rẹ̀ dún jáde dé òpópó.

Panfilo dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ṣófo, kò mọ ibi tóun máa kó ọwọ́ òun sí. Ohùn Concezio ló wá jáde láti inú ilé.

"Kí ló ń ṣe níta títí di báyìí? Sọ fún un kó wọlé, kó sì ti ilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé."